Ọgbà ẹ̀hìnkùlé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan

Ẹ̀yin ará wa ní Tchaourou, ẹ̀yin ti Kika àti Goro, ẹ̀yin ti Bétérou, Alafiarou, Sanson, Tchatchou àti Papanè, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: ọgbà. Lẹ́tà mẹ́ta ni: ọ, gb, à. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ní oṣù tó kọjá lè kà á. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó ń sọ. Bí a bá ní ẹnìkan ń sọ ọgbà, igi tàbí ẹ̀gún tó fi ń yí ilẹ̀ ká ni à ń wí. Bí a bá ní ó wà nínú ọgbà, ibi tí ẹ̀fọ́ wà ni à ń wí. Àwọn tó fi èdè yìí sílẹ̀ fún wa kò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ibi tí nǹkan kan kò bá yí ká, wọn kò pè é ní ọgbà. Oko ni, tàbí oúnjẹ ewúrẹ́.

Ọgbà ẹ̀hìnkùlé ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Kì í ṣe oko iṣu. Kì í ṣe oko òwú, kì í sì í ṣe oko kajú. Ibi kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ni, níbi tí ìyá ilé ti lè já ata kí omi ọbẹ̀ tó hó.

Mo fẹ́ sọ èrò mi láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ọ̀pọ̀ ọgbà ẹ̀hìnkùlé ní agbègbè wa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, wọ́n sì ń kú kí oṣù kejì tó parí. Kì í ṣe nítorí pé ilẹ̀ kò dára. Kì í ṣe nítorí pé ọwọ́ obìnrin tó gbìn ín kò mọ iṣẹ́. Ó ń kú nítorí pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń ṣe é, gbogbo ilé ló sì ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ adùn rẹ̀, nítorí adùn rẹ̀ pọ̀.

Ẹni tó bá fọ́n tẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ lónìí, kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti hù. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ti wọ ìkòkò. Iṣu ń béèrè oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ wa. Òwú ń béèrè oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà, lẹ́yìn náà a tún ń jókòó de owó. Tẹ̀tẹ̀ kì í jẹ wá ní gbèsè. Gbọ́mà ńkọ́? Bí a bá gé e, á tún rúwé. Ewúro tí a gbìn lẹ́ẹ̀kan lè bá ilé gbé fún ọdún púpọ̀, kò sì bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀rùn. Efinrin a máa hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, débi pé àwọn aládùúgbò á máa wá tọrọ rẹ̀ bí inú bá ń run ọmọ wọn. Ilá nìkan ni kò ní sùúrù. Bí o bá gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó ti di igi, ọ̀bẹ kò ní wọ inú rẹ̀ mọ́.

Ẹ wo àsìkò yìí náà. Ní oṣù kejì àti ìkẹta, ata àti ẹ̀fọ́ tútù a máa wọ́n ní ọjà. Tòmátì tí ọkọ̀ ńlá gbé láti ọ̀nà jíjìn ti fọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó ní ebè méjì lẹ́yìn ilé rẹ̀ kò ní mú owó kúrò nínú àṣọ fún ọbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá tilẹ̀ ta ìdì ẹ̀fọ́ díẹ̀, ó ti ra ìwé àti bírò fún ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe owó ńlá. Ṣùgbọ́n owó tí obìnrin kò ní láti tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni.

Ara pàápàá ń mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí kò ríran dáadáa mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọ̀pọ̀ ìgbà ohun kan ló kù nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí ewé rẹ̀ dúdú dáadáa, bíi gbọ́mà àti tẹ̀tẹ̀, ní ohun tí ojú ń fẹ́ nínú. Ìbẹ́pẹ pípọ́n àti máńgòrò ní i pẹ̀lú. Epo díẹ̀ nínú ọbẹ̀ ń mú kí ohun náà wọ inú ara. Ẹ mú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má ṣe dúró de ẹ̀fọ́ kó hù. Ṣùgbọ́n ẹ gbin ẹ̀fọ́ náà.

Adùn kan tún wà tí kì í wọ inú ìkòkò. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ọmọ tó jí, kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀, obìnrin lè dúró nínú ọgbà rẹ̀ kó wo ohun tó ti yàtọ̀ sí ti àná. Òdòdó ilá ti là. Ata kan ti ń pọ́n. Àwọn obìnrin ní kíláàsì alẹ́ ti sọ ọ́ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rí àyè ro ti ara wọn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má fi rẹ́rìn-ín.

Nísinsìnyí, ìnira rẹ̀. Omi ló ṣáájú.

Àwọn ará Cotonou àti Porto-Novo ní àkókò òjò méjì lọ́dún. Àwa kò ní ju ẹyọ kan lọ. Òjò wa a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, á sì dáwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá. Oṣù tó kù jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn. Àpáta sì wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Kànga púpọ̀ ni kò lè jìn, wọ́n á sì gbẹ kí òjò tó padà.

Ẹ mú bírò àti ìwé ìṣirò yín. Ẹ jẹ́ ká ní ebè pẹlẹbẹ kan fẹ̀ ní mítà kan, ó gùn ní mítà márùn-ún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ ká fún un ní bidọ́ọ̀nù omi kan lóòjọ́. Bidọ́ọ̀nù náà gba lítà 25. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Bí ìyá ilé bá ní ebè mẹ́rin, bidọ́ọ̀nù mélòó ni? Mẹ́rin. Kílò mélòó ni? 25 lọ́nà 4 jẹ́ 100. Àpò àgbàdo kan nìyẹn. Obìnrin kan ń gbé e lórí lójoojúmọ́, yàtọ̀ sí omi mímu, omi ìwẹ̀ àti omi ìdáná. Ní ọjọ́ 30, ó jẹ́ kílò 3000. Bí ẹ bá rò pé mo ṣì í, ẹ tún un ṣe.

Ọkùnrin tó bá ṣe ìṣirò yìí tán, tó sì tún ní ọgbà ẹ̀hìnkùlé jẹ́ eré ọwọ́ obìnrin, kí ó gbé bidọ́ọ̀nù kan lórí láti ibi kànga dé ilé kó tó sọ̀rọ̀.

Ẹ má gbàgbé pé ìgbà yìí kan náà ni kajú ń já bọ́. Láti oṣù kejì lọ, obìnrin àti ọmọ wà lábẹ́ igi kajú láti òwúrọ̀, wọ́n ń ṣa èso. Ọwọ́ tó yẹ kó fa omi ti wà níbòmíràn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọgbà fi ń gbẹ ní oṣù kejì. Àwọn ènìyàn á ní obìnrin náà ya ọ̀lẹ. Kò ya ọ̀lẹ. Ọwọ́ méjì ló ní.

Kí ni ká ṣe? Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ má ṣe kọjá ebè méjì. Ebè méjì tó tutù sàn ju mẹ́fà tó ń kú lọ. Kí a fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ láàárín àwọn ewé, kí oòrùn má bàa mu omi náà ṣáájú gbòǹgbò. Kí a bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní kùtùkùtù. Omi tí a fi ṣan ẹ̀wà àti ìrẹsì, kí a má ṣe dà á sí ọ̀nà. Omi ibi ìwẹ̀ dára fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dà á lé ẹ̀fọ́ tí ẹ fẹ́ já. Alùpùpù tó ń gbé àpò kajú lọ sí ọjà lè gbé bidọ́ọ̀nù omi wá sí ilé. Mi ò tíì rí alùpùpù tó kọ omi.

Ìnira kejì ni ewúrẹ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti gbóná jù, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní gbà fún mi.

Ẹ mọ àṣà wa. Ní àkókò òjò, nígbà tí àgbàdo àti iṣu wà nílẹ̀, olúkúlùkù ń so ẹran rẹ̀. Bí a bá kórè tán, a ń tú wọn sílẹ̀. Wọ́n á máa jẹ koríko gbígbẹ àti èèpo iṣu kiri. Àṣà náà kò burú. Ó bá ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ mu, nítorí nígbà náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tútù tó kù nílẹ̀ tí ẹran lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n lónìí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni ọgbà ẹ̀hìnkùlé wúlò fún wa jù. Ọjọ́ tí a tú ewúrẹ́ sílẹ̀ ni ọjọ́ tí ewé tútù tó kù ní abúlé wà lẹ́yìn ilé ìdáná obìnrin kan. Kí ni ẹ rò pé ewúrẹ́ yóò ṣe?

Ewúrẹ́ kò jẹ̀bi. Ó jẹ ohun tó rí. Àwa èèyàn la ń jà. Ọlọ́gbà á ní: "So ẹran rẹ!" Ẹlẹ́ran á dáhùn pé: "Sọ ọgbà rẹ!" Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjèèjì dáadáa, so àti sọ. Àmì kékeré kan tó wà lábẹ́ lẹ́tà ló yà wọ́n, ilé púpọ̀ sì ti bá ara wọn jà lórí rẹ̀.

Obìnrin á jí ní òwúrọ̀, kùkùté tẹ̀tẹ̀ ni yóò bá. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti lọ. Yóò sọ òkò. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ yóò ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yóò dé iwájú baálẹ̀. Ilé méjì tó ń bu iná lọ́wọ́ ara wọn kò ní kí ara wọn mọ́, àwọn ọmọ wọn kò sì ní gba ọ̀nà kan náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìdì ẹ̀fọ́ mélòó ni gbogbo èyí?

Òfin kò ṣàì sí. Ní ọdún 1987, orílẹ̀-èdè wa ṣe òfin lórí bí a ṣe ń tọ́jú ẹran ilé àti bí a ṣe ń da ẹran kọjá láti ibì kan dé ibòmíràn. Láti ìgbà náà, wọ́n tún ti ṣe òfin mìíràn lórí ẹran dídà. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kì í sùn sínú ọgbà. Àdéhùn tí ará ilé kan bá ará ilé kejì ṣe ló ń ṣọ́ ilá lóru.

Èrò mi nìyí. Nígbà òjò, kí ẹlẹ́ran so ẹran rẹ̀ bí a ti ń ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọlọ́gbà sọ ọgbà. Bí ọgbà bá dúró dáadáa, tí ẹran sì fi agbára wọlé, kí ẹlẹ́ran san ohun tó bàjẹ́ láìjiyàn. Bí kò bá sí ọgbà rárá, kí ọlọ́gbà má ṣe sọ òkò. Kí abúlé jókòó lórí rẹ̀ báyìí, kí ìjà tó dé. Kí a pe àwọn Fúlàní tó wà nítòsí wa sí ìjókòó náà, nítorí màlúù kò ka ebè sí. Ohun tí a bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Kò sí ohun tó ní ká máa fi orí rántí rẹ̀ mọ́.

Ta ni yóò wá sọ ọgbà náà? Mo ní kí ọkọ sọ ọ́. Gígé ẹ̀gún, gbígbẹ́ ihò, ríri òpó mọ́lẹ̀, mi ò rí ìdí tí obìnrin tó ti gbé kílò 100 omi fi ní láti ṣe gbogbo rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin mẹ́ta jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Ọjọ́ kan péré ni. Bí obìnrin bá jẹ́ opó, tàbí tí ọkọ rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀, kí ẹgbẹ́ pe ọ̀wẹ̀. Ṣé a kì í pe ọ̀wẹ̀ fún ebè iṣu?

Ohun tí a ó fi sọ ọ́ kò jìnnà. Pòròpòrò ọkà bàbà tó fún ẹ̀ẹ̀rùn kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikán yóò jẹ ẹ́. Ẹ fi ẹ̀gún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nítorí adìẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ọgbà tí yóò pẹ́, kó gé ẹ̀ka làpálàpá, kó rì wọ́n mọ́lẹ̀ súnmọ́ra nígbà òjò. Wọ́n á hù, wọ́n á di odi. Ewúrẹ́ kì í jẹ ewé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé: èso làpálàpá ní oró, ó dùn lẹ́nu, ó sì lè mú ọmọ bì títí dé ilé ìwòsàn. Ẹni tí kajú bá sì mú owó wá fún, kó ra wáyà díẹ̀ kó tó ra rédíò kejì.

Ewúrẹ́ tí a so ní èrè kan tí ẹlẹ́ran pàápàá kò rò. Ìgbẹ́ rẹ̀ wà lójú kan. Ẹ kó o jọ, ẹ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ àti eérú díẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa kí ẹ tó fi sí ebè. Ìgbẹ́ adìẹ náà dára, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì tútù, yóò jó ewé. Ní Porto-Novo, ibùdó iṣẹ́ àgbẹ̀ kan wà tí a ń pè ní Songhaï. Àlùfáà kan, Godfrey Nzamujo, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1985 lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Parakou, tí kò jìnnà sí wa. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ ni pé kí ìgbẹ́ ẹran bọ́ ilẹ̀, kí ilẹ̀ bọ́ ẹran. Àwọn ìyá ìyá wa mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn tó máa ń gbin ata sí orí ààtàn.

Mo wá dé orí ohun tó mú mi gbé bírò.

Bí kòkòrò bá bo ilá, obìnrin á ké sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ á fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Kí ni ó máa ń mú wá? Oògùn òwú tó ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ igò. Ó ń bẹ ní igun yàrá láti ìgbà tí a ti fọ́n oògùn tó kẹ́yìn. Ó fọ́n ọn sí ẹ̀fọ́. Kòkòrò kú. Inú gbogbo ilé dùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n já ẹ̀fọ́ náà, wọ́n sè é.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ewé òwú, a kì í jẹ ẹ́. Ewé ẹ̀fọ́ gan-an ni a ń jẹ. Oògùn òwú mìíràn wà tó máa ń wọ inú ewé lọ, omi kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò, iyọ̀ kò lè fọ̀ ọ́ kúrò, iná ìdáná kì í sì í pa gbogbo rẹ̀.

Mi ò fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà yín lásán. Ní ọdún òwú 1999 sí 2000, oògùn kan tó ń jẹ́ endosulfan pa ènìyàn ní Borgou wa níhìn-ín. Iye tí àwọn aláṣẹ kà jẹ́ òkú 37. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wà ní ìdí fífọ́n oògùn. Oúnjẹ tí oògùn kàn àti ohun èlò tí oògùn ti wà nínú rẹ̀ rí wà lára ohun tó ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva, wọ́n fi endosulfan sí ara àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n òwú ṣì ní oògùn mìíràn. Orúkọ yí padà, igò yí padà, ibi tí a ń gbé e pamọ́ sí nínú ilé kò tíì yí padà.

Nítorí náà, ẹ wo igò tó wà ní igun yàrá yín. Bí ẹ bá rí àwòrán agbárí òkú lára rẹ̀, ẹ kò nílò èdè Faransé kankan láti mọ ohun tó ń wí. Ẹ gbé e kúrò níbi tí ọmọ lè dé. Ẹ má ṣe fi igò náà bu omi, ẹ má ṣe fi bu epo, bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Bidọ́ọ̀nù oògùn kò gbọ́dọ̀ di bidọ́ọ̀nù omi ọgbà.

Kòkòrò ńkọ́? Igi kan wà tí ewé rẹ̀ korò gan-an, dóńgóyárò, tí àwọn kan ń pè ní igi kínínì. Ẹ gún ewé tàbí èso rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì wọ́n ọn sí ewé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí ẹ tó sè é. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀ bí oògùn òwú, mi ò ní parọ́ fún yín. Ewé díẹ̀ yóò ní ihò. Èmi a máa ra ẹ̀fọ́ tó ní ihò ní ọjà, nítorí mo mọ̀ pé ohun abẹ̀mí kan ti jẹ níbẹ̀ ṣáájú mi, kò sì kú.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ọgbà yìí kì í ṣe tuntun, ìjọba ti wí i rí. Òótọ́ ni. Ní Ghana ní ọdún 1972, ìjọba Acheampong ní kí olúkúlùkù bọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì gbin àgbàdo sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ní Nàìjíríà ní ọdún 1976, Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò láti bọ́ orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1980, ìjọba mìíràn fi orúkọ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Níhìn-ín ní Benin, láti ọdún 1975, ilé ẹ̀kọ́ tuntun ti ìgbà ìjọba Kérékou mú kí àwọn ọmọ máa roko ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìwé. Àwọn àgbà tó wà nínú yín lónìí rántí ọkọ́ tí wọ́n gbé lọ sí kíláàsì. Àwọn ètò wọ̀nyí ti kọjá lọ. Ewúro tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá wa àgbà kò bá wọn lọ, nítorí kò sí ẹni tó fi àṣẹ gbìn ín. Mi ò sọ pé kí ìjọba ká ọwọ́ kò. Kí wọ́n gbẹ́ kànga tí kò ní gbẹ fún wa, èyí ni iṣẹ́ tiwọn. Ọgbà jẹ́ tiwa.

Ohun kan ṣì kù, ti kíláàsì alẹ́ ni. Ẹ mú ìwé kan tí ọmọ ti lò tán, tí ojú ewé kù nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbìn. Ẹ kọ orúkọ ohun tí ẹ gbìn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ já a, àti iye tí ẹ tà. Bí ewúrẹ́ bá wọlé, ẹ kọ ọjọ́ náà pẹ̀lú. Kí ọkọ kọ iye bidọ́ọ̀nù tó gbé. Bí ó bá jẹ́ òdo, kí ó kọ òdo, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ọkà bàbà ti ń kúrò ní oko báyìí. Pòròpòrò rẹ̀ ṣì dúró. Láìpẹ́, iná ìgbẹ́ yóò dé, yóò sì jó gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi sọ ọgbà, kí ó gé e ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó dì í, kó gbé e tì sí ẹ̀gbẹ́ ilé.